Òwúrọ̀ Tí A Fọ Osùn Kúrò Lára Àwọn Ọmọ Emùré

Aago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo wọ ọkọ̀ akẹ́rù ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà láti ìgbà tí mo ti jáde ní yunifásítì. Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ wa ní kí n lọ wo bí àmì funfun ṣe pọ̀ tó lára àwọn ọmọ iléèwé Emùré, torí àwọn iléèwé ti ń lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílé, wọ́n ní ẹ̀tẹ̀ ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé mo lè ṣì í mọ̀. Ojú sì tún ń tì mí pé ẹ̀rù ń bà mí.

Ṣílè kan ni owó ọkọ̀. Òjò ti rọ̀, ọ̀nà ń yọ̀. Ní Ìsẹ̀, mo fi tọ́rọ́ ra uṣu sísè, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe iṣu; lọ́dọ̀ wa ní Ọ̀yọ́, ẹ̀kọ là ń jẹ láàárọ̀.

Awakọ̀ ní, "Tíṣà, gbogbo ìwé tẹ́ ẹ kà yẹn, ara ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ní kẹ́ ẹ máa wò kiri?"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí díẹ̀.

Nígbà tí mo dé iléèwé, pupa ni gbogbo ọmọ! Wọ́n ti fi osùn kùn wọ́n látorí dẹ́sẹ̀. Ìkókó àti ìyàwó là ń kùn lósùn lọ́dọ̀ wa, ni mo bá bi ọ̀gá iléèwé bóyá ọdún ni wọ́n ń ṣe.

"Ọdún kẹ̀? Àwọn ìyá wọn gbọ́ pé ẹ̀ ń bọ̀ ni."

A pọnmi, a wẹ̀ wọ́n. Àṣé àmì funfun pọ̀ tó báyìí! Ó wà lẹ́rẹ̀kẹ́, ó wà lọ́rùn, títí kan ọmọ ọ̀gá iléèwé fúnra rẹ̀.

"Ìwọ náà rèé, olójú ẹfun!" Àwọn ọmọ ń na ìka síra wọn.

Nọ́ọ̀sì kan ti kọ́ mi pé ibi tí ẹ̀tẹ̀ bá wà kì í sábà mọ ìfọwọ́kàn. Mo ní kí wọ́n dijú, mo ń fi ìyẹ́ adìẹ kan ojú àmì wọn. "Ó ń rìn mí, tíṣà!" Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín ni ọkàn mi ń balẹ̀.

Ó wá kan Dúpẹ́, tí ìyá rẹ̀ àgbà wà lára àwọn tó ń bá wa pọnmi. Ó dijú. Mo fi ìyẹ́ kan àmì ìgúnpá rẹ̀. Mo tún kàn án. Kò mira.

"Tíṣà, ṣé ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

Ìyá àgbà fà mí sẹ́yìn ògiri. "Ọmọ mi, mo ti fura tipẹ́. Mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí wọ́n lé e."

Ìrọ̀lẹ́ ni mo padà dé Ìkẹ́rẹ́. Mo ti rí i pé irú àmì bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀, àti pé ọ̀pọ̀ jù lọ kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Àyà mi ì bá balẹ̀, àmọ́ kò balẹ̀. Bí mo bá dárúkọ Dúpẹ́ fún ọ̀gá iléèwé, wọn á lé e. Bí mo bá dákẹ́, kò ní rí oògùn lò, oògùn sì wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́mọ rí, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, kí ni kí n sì wí?