Ọjọ́ tí A Lọ Jẹ Èkuru ní Ìlárá

Ọmọ Ìbàdàn ni mí, iṣẹ́ tíṣà ni mo sì ń ṣe, ẹ má retí kí n jẹ́ onídákẹ́jẹ́. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ọmọ Ìlaró, mi ò kọjá ilé ìyá ọkọ mi rí nílẹ̀ Yewa. Tí a bá ti dé, a ó jẹun, a ó kí ará ilé, ó di Ìbàdàn. Àfi ìgbà tí wọ́n ti bodè pa, tí rédíò ò sọ nǹkan mìíràn ju ọ̀rọ̀ ìrẹsì àti epo lọ, ni ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun ní ilẹ̀ baba tó yẹ kí ìyàwó òun rí. "Lọ́la, a ó jáde láàárọ̀," ó ní. "N ó fi ilẹ̀ wa hàn ọ́, wàá sì jẹun títí wàá fi gbàgbé ọ̀nà ilé." Mo ní, "Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ó dọ̀la."

Ìyá ọkọ mi gbọ́, Màmá ni mo ń pè wọ́n, wọ́n ní àwọn náà ń lọ. Àbúrò wọn kan ṣoṣo tó kù láyé ń gbé ní Ìlárá, ní apá tó bọ́ sí ilẹ̀ Faransé, bí wọ́n ṣe ń pe orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ níbẹ̀. Láti ìgbà tí bodè ti di títì, àwọn méjèèjì ò fojú kan ara wọn. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n Màmá ní fóònù ò tó. "Ojú l'ọ̀rọ̀ wà, ìyàwó mi. Bí mo bá kú láì rí ọmọ yẹn, ẹ má wulẹ̀ sin mí." Ọmọ yẹn ti lé ní àádọ́rin ọdún o!

Ní Ibese, níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì wà, eruku ti bo ewé igi, ó funfun bí ìgbà tí wọ́n da èlùbọ́ láfún lé e lórí. Ọkọ̀ akẹ́rù tò lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Mo ṣe háà, ọkọ mi ní kí n má tíì ya gbogbo ẹnu mi, ọ̀nà ṣì jìn.

Òótọ́ ló sọ. A dé ilé epo kan, ó ti pa. A dé òmíràn, ó ti pa, ewúrẹ́ sùn sábẹ́ ẹ̀rọ epo. Wọ́n ní ìjọba ò fẹ́ kí epo dé ìtòsí bodè mọ́. Mo ní, ṣé gbogbo ará ibí ló ń kó epo kọjá ni? Ọkọ mi ní, "Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá." Orí ló yọ wá tí a ti rọ epo kún táǹkì ní Abẹ́òkúta nígbà tí à ń bọ̀ láti Ìbàdàn.

Ayétòrò la ti jẹun. Láfún funfun báláú, ọbẹ̀ ilá, pẹ̀lú ẹran ọ̀yà tí wọ́n ti yan kó tó wọnú ọbẹ̀. Háà! Mi ò mọ̀ pé ẹ̀gẹ́, gbágùúdá tí mò ń fojú tẹ́ńbẹ́lú láti kékeré, lè rọ̀ báyẹn lọ́nà ọ̀fun. Mo jẹ ẹ́ tán, mo ní kí wọ́n tún bù ú wá, ọkọ mi ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Màmá ò jẹ ju òkèlè díẹ̀ lọ. Wọ́n ní àbúrò àwọn ń se èkuru de àwọn, àwọn ò ní fi láfún dí ikùn.

Lójú ọ̀nà Ìmẹ̀kọ, a ra wàrà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní, a ń jẹ ẹ́ lọ. A rìn díẹ̀, àwọn aṣọ́bodè ta okùn sọ́nà. A tún rìn díẹ̀, okùn mìíràn. Níbì kan, aṣọ́bodè kan ní kí a ṣí búùtù. Àpò gààrí tí Màmá ń gbé lọ fún àbúrò wọn ló rí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ki ọwọ́ bọ inú gààrí dé ìgúnpá, ó ń wá kẹ́ẹ̀gì epo! Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ti fọwọ́ ṣá?" Ọkọ mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gbọn ọwọ́, ó ní ká máa lọ.

Mo ti rò pé bodè á jẹ́ odò, tàbí gééètì ńlá, tàbí ògiri, ó kéré tán. Ẹ gbà mí! Ojú ọ̀nà lásán ni, láàárín ìlú Ìlárá. Ilé apá ibí, Nàìjíríà. Ilé apá ọ̀hún, ilẹ̀ Faransé. Páànù kan náà, Yorùbá kan náà. Okùn kan ni wọ́n ta sí àárín, aṣọ́bodè kan dúró tì í, ìbọn lọ́rùn. Adìẹ ń gba abẹ́ okùn kọjá. Màmá nawọ́, wọ́n ní, "Ilé àbúrò mi nìyẹn." Bí mo bá ju òkúta, á bá ilẹ̀kùn.

Aṣọ́bodè ní a ò lè kọjá. Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́, èmi náà bẹ̀ ẹ́, èmi tí n kì í bẹ èèyàn. Ó ní àṣẹ ni, iṣẹ́ òun ló wà níbẹ̀. "Màmá, ẹ pè wọ́n jáde, kí ẹ kí ara yín níbí. Bí wọ́n bá se oúnjẹ, wọ́n lè nà án sí yín. Oúnjẹ lè kọjá, èèyàn ò lè kọjá."  

Màmá tẹ fóònù. "Mo ti dé o. Wọn ò jẹ́ kí n kọjá. Jáde wá síwájú ilé." Kò pẹ́ tí obìnrin kan fi jáde, ojú Màmá gan-an ló jọ. Ó fọwọ́ kan ògiri, ó rìn síwájú díẹ̀, ó dúró. Ó gbé orí sókè, ó kọjú sí wa. Kò sọ nǹkan kan. Kò kúnlẹ̀.

Nílé wọn, àbúrò ló ń kọ́kọ́ kí ẹ̀gbọ́n, orí ìkúnlẹ̀ ló sì ti ń kí i, ì báà ti di ìyá àgbà. Màmá ti sọ fún mi rí pé àbúrò yìí kan náà, lọ́jọ́ kejì tó bí àkọ́bí rẹ̀, fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì láti kúnlẹ̀ kí àwọn. Nítorí náà Màmá dákẹ́, wọ́n ń retí ìkíni. Ẹni ọ̀hún náà dákẹ́.  "Ó rí mi, kò kúnlẹ̀," ni Màmá ń sọ jẹ́jẹ́. "Kí ni mo ṣe fún un?"

Inú bí mi dé góńgó. Mo pariwo sí àbúrò wọn láti ibi tí mo wà: "Màmá, ẹ ò rí ẹ̀gbọ́n yín ni?"

Obìnrin kan tó kéré sí mi ń jáde bọ̀ látinú ilé lọ́hùn-ún, ó gbé àwo èkuru dání. Ìyàwó ọmọ ilé ni. Ó gbọ́ mi, ó dúró gbagidi. "Ẹ má bínú," ó ní. "Màmá wa ò rí wọn. Wọn ò rí ẹnikẹ́ni mọ́. Ojú wọn ti fọ́ láti ìgbà òjò."

Ye!  Ilẹ̀ ò kúkú lanu gbé mi mì. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, wọn ò fẹnu kàn án rí! Ọkọ mi ká ọwọ́ lérí. Màmá fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni àbúrò wọn ń wí lọ́hùn-ún, "ẹ má bínú sí mi. Bí mo bá sọ ọ́, mo mọ̀ yín, ẹ ó gba inú igbó wá, ẹsẹ̀ yín ò sì lágbára mọ́. Ẹ fọhùn, kí n mọ ibi tí ẹ wà."

Màmá ò lè fọhùn. Aṣọ́bodè ló fọhùn, ohùn tirẹ̀ náà ti yí padà. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Àbúrò Màmá yíjú sí ibi tí ohùn ti wá, wọ́n ṣe bí ẹ̀gbọ́n àwọn ló dúró ti ẹni tó fọhùn. Wọ́n gbá ìró mọ́ra, wọ́n rọra kúnlẹ̀ sínú eruku. "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú ìrìn." Aṣọ́bodè ni wọ́n kúnlẹ̀ fún.

Mo fẹ́ kígbe pé ibẹ̀ kọ́. Màmá di ọwọ́ mi mú. Wọ́n nu ojú, wọ́n rìn lọ síbi tí aṣọ́bodè wà, wọ́n fọwọ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì yẹra fún wọn. Wọ́n dúró síbẹ̀ gẹ́lẹ́, okùn kan wọn láyà.

"Dìde, ọmọ ìyá mi," ni wọ́n wí. "Mo ti rí ọ. Iwájú mi náà lo kúnlẹ̀ sí."