Àárọ̀ Ọyẹ́ Tí Mo Kán Awakọ̀ Lójú

Ọdún díẹ̀ kí a tó gba òmìnira ni. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, ọyẹ́ sì bo Odò Ọya débi pé a kò rí òdìkejì. Obìnrin kan ti ń rọbí láti àná ní ilé ìwòsàn wa ní Lọ́kọ́ja, ọmọ kò wá. Dókítà wa rìnrìn àjò, Òkènè la sì ti lè rí ẹni tó máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Èmi, agbẹ̀bí tí kò tíì pé ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́, ni Métírọ̀nù ní kí n tẹ̀ lé e.

Awakọ̀ wa ni Bàbá Ònímísì, ọmọ Ebira tó ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí mi. Bí ọyẹ́ bá mú, Bàbá kì í kàn ṣáná sọ́kọ̀ kí wọ́n gbéra. Wọ́n á da omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sí rédíétọ̀, wọ́n á fi irin gígùn kan yí ẹ́ńjìnì lọ́wọ́ kí ọ́ìlì tó ti dì lè ṣàn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fa ṣóòkì, ìyẹn ohun kékeré tó ń jẹ́ kí pẹtiróòlù pọ̀ fún ẹ́ńjìnì tó tutù, wọ́n á ṣáná, wọ́n á sì dúró máa gbọ́ ohùn rẹ̀ títí á fi já geere.

Lọ́jọ́ yẹn, obìnrin náà ń kérora lẹ́yìn ọkọ̀. Ara mi ò gbà á mọ́.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Sista, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

"Obìnrin yìí ò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí nǹkan bá ṣe é, ẹ̀yin lẹ máa dáhùn."

Wọ́n wò mí, wọ́n wo obìnrin náà, wọ́n gbéra.

Ọkọ̀ ń lọ tìkọ̀tìkọ̀. Nígbà tí a dé òkè kan lọ́nà Òkènè, ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Òórùn pẹtiróòlù gba gbogbo ibẹ̀. Bàbá ní torí ẹ́ńjìnì ò tíì gbóná, tí ṣóòkì ṣì wà ní fífà, epo ti rin àwọn púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná sí epo nínú ẹ́ńjìnì. Wọ́n fi òkúta dí táyà, wọ́n tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì ara wọn nínú òtútù yẹn, wọ́n sì fi nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi di ọwọ́ obìnrin náà mú, mo ń sọ pé, "Òkun o, òkun," bí a ti ń kí ara wa nílé wa ní Kàbà.

Bí Bàbá ti ń yí ẹ́ńjìnì, irin náà ta padà, ó bà wọ́n lọ́rùn ọwọ́. Wọ́n fi ọwọ́ kejì mú un. Nígbà tó yá, ẹ́ńjìnì dáhùn.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa."

"Ẹ ṣeun, Sista."

Ọkọ̀ kò kú mọ́ títí a fi dé Òkènè. Ìyá yè, ọmọbìnrin rẹ̀ náà yè.

Nígbà tí a padà, Métírọ̀nù bi wá pé kí ló dá wa dúró lọ́nà. Kí n tó lanu, Bàbá ti dáhùn pé, "Ọkọ̀ ló kú, Mà. Ẹ̀bi mi ni." Métírọ̀nù kọ ìwé fún wọn pé kí wọ́n wá ṣàlàyé ara wọn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dákẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin, mo wọ ọ́fíìsì Métírọ̀nù lọ, mo sọ gbogbo rẹ̀.

"Kí ló dé tó o fi dúró dòní?"

"Ẹ̀rù ló bà mí, Mà."

Métírọ̀nù gba ìwé náà padà lọ́wọ́ Bàbá, wọ́n sì kọ tèmi. Ó tọ́ sí mi.

Mo bá Bàbá níbi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀, báńdéèjì wà lọ́rùn ọwọ́ wọn. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò dárúkọ mi.

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni, Sista. Bí wọ́n bá lé yín, ta ló máa gbẹ̀bí?"

Wọ́n ń bá ọkọ̀ fífọ̀ wọn lọ.

Mo gbẹ̀bí títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì bá àwọn dókítà tó mọṣẹ́ ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ta ló kọ́ mi níṣẹ́, Bàbá Ònímísì awakọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ.