Owó Iná Ilé Dilovar

Orí fóònù ni Dilovar ti kọ Sabohat sílẹ̀. Ó pè é láti Rọ́ṣíà, ó sọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta bí àwọn Mùsùlùmí kan ti ń ṣe é, ó wá ní kó gbé fóònù fún ìyá òun.

Sabohat kò kó jáde nílé náà ní ìlú Kulob, ní Tajikistan. Kò bímọ tí yóò dá a dúró níbẹ̀, ṣùgbọ́n Oyniso, ìyá ọkọ rẹ̀, kò lè dá dìde mọ́, kò sì sẹ́lòmíì tó ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ oníná tó wà nínú yàrá kan ni Sabohat fi ń jẹun. Ẹ̀rọ tó ń mú yàrá móoru wà lẹ́bàá ibùsùn ìyá ní yàrá kejì. Mítà kan ló ń kà fún àwọn méjèèjì, orúkọ Dilovar ló sì wà lórí rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, òun ló ń fi owó iná ránṣẹ́. Àtìgbà tó ti kọ ìyàwó, kò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ mọ́.

Sabohat pè é.

"Ẹni tó ń lo iná ni kó san án," ni Dilovar wí.

"Ìyá ẹ ló ń yáná."

"Ìwọ ńkọ́? Àbí inú òkùnkùn lo ti ń ránṣọ?"

Nígbà tí òtútù le, àwọn òṣìṣẹ́ iná wá já wáyà nítorí gbèsè. Sabohat lọ bá wọn ní ọ́fíìsì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo orúkọ yẹn. Kì í ṣe tèmi. Ó ti kọ̀ mí."

Akọ̀wé náà ò gbójú sókè. "Ìyàwó, mítà ò mọ ẹni tí wọ́n kọ̀. Ẹ lọ parí ẹ̀ láàárín ara yín."

"Ta ni kí n bá parí ẹ̀? Rọ́ṣíà ló wà."

"Ẹ ṣáà lọ parí ẹ̀."

Gbogbo kúbùsù ilé ni Sabohat fi bo ìyá, síbẹ̀ ètè rẹ̀ ń dúdú. Lọ́jọ́ tí Oyniso kò lè jẹ búrẹ́dì mọ́, Sabohat gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lọ tà, ó sì san gbèsè náà. Iná dé.

"Kí lo máa fi ṣiṣẹ́ báyìí?" ni Oyniso bi í.

"Mi ò mọ̀, Ìyá."

"Ọmọ mi ò ṣe é re."

"Ẹ mu tíì yín kó tó tutù."

Òtútù kò tíì lọ tán tí Safar, àbúrò Dilovar, fi wọlé. Ó ní Dilovar ti ta ilé. Ọ̀dọ̀ òun Safar ni ìyá ń bọ̀. Sabohat béèrè owó iná tó san.

"Ta ló rán ẹ?" ni Safar wí. "Ṣebí ìwọ náà lo iná."

Sabohat wo Oyniso. Ìyá kọjú sí ògiri.

Ilé bàbá rẹ̀ ló padà sí, níbi tí àwọn ìyàwó àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kún inú yàrá gbogbo. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ló fi ń ránṣọ báyìí. Ẹni tó bá sì fẹ́ aṣọ kíákíá kì í wá sọ́dọ̀ rẹ̀.