Gbólóhùn Tí Wọ́n Pàtẹ́wọ́ Fún

Nígbà tí mò ń ru ẹrù ní wáàfù Àpápá, ọ̀gá wa ní ẹni tó bá yege ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn máa fi ṣe akọ̀wé. Mo bá forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àgbà tí wọ́n ń ṣe nírọ̀lẹ́ ní ilé-ìwé kan ní Ajégúnlẹ̀.

"If" ló dá mi lágara. Lẹ́nu tiwa, "bí" àti "ì bá" máa ń yọ fúnra wọn ni. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, tíṣà ní ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá nǹkan ọ̀hún ṣì lè ṣẹlẹ̀, àbí ó ti kọjá àtúnṣe.

Lọ́jọ́ tí a dé orí èyí tó ti kọjá àtúnṣe, ó ní kí kálukú mú tirẹ̀ wá. Obìnrin kan tó ń ránṣọ ní, "If I had known, I would not have marry that man." A rẹ́rìn-ín títí. Tíṣà bá a tún un ṣe. Ó wá kàn mí.

Oṣù mẹ́rin ṣáájú, ara ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo gbóná láàárọ̀. Ìyàwó mi ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọsibítù báyìí."

Ọkọ̀ ojú omi kan ti dé, ẹni tí ò bá sì yọjú, wọ́n á fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Mo ní, "Fún un lágbo. Dúró dè mí." Ó dúró dè mí. Ìgbà tí mo dé, àwọn ará ilé ti pé sẹ́nu ọ̀nà.

Ní kíláàsì, kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo la ẹnu, mo ní, "If I had listened to my wife, my daughter would not have died."

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́!" ni tíṣà wí. "Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn." Ó kọ ọ́ sójú pátákó, ó ní kí gbogbo wa kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo bá wọn kà á.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ní, "Ẹ sọ èyí tí wọ́n kọ́ yín lónìí, kí n gbọ́." Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo sọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, àkọ́kọ́ látìgbà tí a ti sin ọmọ. Ó ní, "Ó dùn létí."

Mo yege. Mo di akọ̀wé, mò ń jókòó sábẹ́ ìbòòji, mò ń ka àpò sìmẹ́ńtì tí àwọn tí a jọ ń rù ú tẹ́lẹ̀ ń gbé kọjá. A ò rí ọmọ mìíràn bí. Ìyàwó mi kò fẹ̀sùn kàn mí rí, kò sì béèrè ìtumọ̀ ohun tí mo sọ. Èmi náà ò lè sọ ọ́.