Ìyá Àgbà yẹ ojú ọkọ ìyàwó wò

Ẹ gbà mí o, díẹ̀ ló kù kí omi ewúro tú ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi ká lónìí ní Ìrókò!

Bọ̀dá Wálé wá láti Ajíbọ́dé, wọ́n fẹ́ tọrọ Sìídátù, ẹ̀gbọ́n mi. Wọn ò tíì jókòó dáadáa tí Ìyá Àgbà fi fa ìpéǹpéjú wọn wálẹ̀.

"Háà! Funfun báláú! Mi ò ní fọmọ fẹ́ni tí ò lẹ́jẹ̀ lára."

"Ìyá, mò ń lo fítámìnì o." Bọ̀dá Wálé yọ páálí oògùn jáde lápò.

"Ṣé páálí ló fẹ́ gbé ọmọ mi níyàwó? Ó yá, mu èyí. Bísímílà!"

Ife ńlá ni o! Àkọ́fún ewúro, kò rí omi rárá. Bọ̀dá Wálé dijú, wọ́n gbé e mu tán. Ewúrẹ́ tó ń wò wá gan-an káàánú wọn. Omijé ń dà, ojú wọn pọ́n bí ata rodo.

Ìyá Àgbà tún fa ìpéǹpéjú yẹn wò.

"Ẹ wo ẹ̀jẹ̀! Ó ti dé! Mo ti fún un lọ́mọ mi."

Lọ́jọ́ Sátidé ni àwọn òbí Bọ̀dá Wálé ń bọ̀. Ìyá Àgbà sì ti já ewé dè wọ́n, igi ewúro ẹ̀yìnkùlé wa ti ku ẹ̀ka lásán báyìí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ni ká rán lọ kìlọ̀ fún wọn?