Bàbá Wa Gbé Ohùn Màmá Àgbà Lọ Sókè

Bàbá wa ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí, àmọ́ iṣẹ́ náà ò tíì fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Kò sí agolo kan nílé ìdáná wa tí kò lẹ bébà mọ́. Ó kọ "Iyọ̀" sára agolo iyọ̀, bí ẹni pé iyọ̀ la ti ń bù sí tíì kí olùgbàlà tó dé. Àwọn aládùúgbò ń pè é ní Ọ̀gá Létòlétò. Ó rò pé wọ́n ń yìn ín ni.

Fóònù Màmá nìkan ni ètò rẹ̀ ò tíì dé. Màmá àgbà, ìyá tó bí Màmá, kì í tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ohùn ló máa ń fi ránṣẹ́ láràárọ̀. Á kí ọmọ rẹ̀, á ṣàdúrà fún un, á wá rojọ́ aládùúgbò tó ń da omi ìfọṣọ sẹ́nu ọ̀nà òun. Nígbà tí ìyá náà kú, àwọn ohùn wọ̀nyẹn ló ṣẹ́kù fún Màmá. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tòun ti bàtà, á gbọ́ ọ̀kan, á rẹ́rìn-ín, á sì nu ojú rẹ̀.

Fóònù náà kún. Bàbá bá kó gbogbo ohùn náà kúrò níbẹ̀ sínú háàdì, àpótí kékeré tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà, torí àwòrán pẹpẹ ilé ìkẹ́rùsí ti kún inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ẹ má bi mí pé kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ó tún wá gbọ́ pé háàdì lè bà jẹ́, pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ọlọ́gbọ́n ń kó ẹrù sí. "Òkè" ló ń pe ibẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan ló fi bá kọ̀ǹpútà jà, torí fódà inú kọ̀ǹpútà nìkan ni òkè fẹ́ mọ̀. Ó pẹ́ kó tó rí ibi tí wọ́n ti ń júwe háàdì fún un. Nígbà tó yọrí, ó pe gbogbo wa wá wo àmì aláwọ̀ ewé tó jókòó ti fódà kọ̀ọ̀kan.

"Gbogbo ẹ̀ ti délé," ó ní. "Ohun tó bá wà nísàlẹ̀ ló wà lókè. Háàdì ì báà bà jẹ́, kò kàn wá."

A pàtẹ́wọ́. Kí la tún fẹ́ ṣe?

Ì bá fi mọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nílé ìkẹ́rùsí, tí ẹrù bá ti kúrò ní yàrá kan bọ́ sí òmíràn, pẹpẹ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ṣófo. Ẹrù kan kì í gbé yàrá méjì. Ni Bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ohùn náà rẹ́ kúrò nínú háàdì. Kọ̀ǹpútà kìlọ̀ fún un. Ó kọ ọ́ síwájú rẹ̀ gbangba pé tó bá pa wọ́n rẹ́ níbí, wọ́n á pa rẹ́ lókè náà. Ta wá ni kọ̀ǹpútà, tó fẹ́ kọ́ Ọ̀gá Létòlétò níṣẹ́? Ó tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni". Òkè ní garawa ìdọ̀tí kan tó máa ń tọ́jú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀, nítorí àwọn ọlọ́gbọ́n bíi tirẹ̀. Bàbá rí i pé ó kún, ó dà á nù. Ìmọ́tótó borí àrùn mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá ní òun fẹ́ gbọ́ ìyá òun. Bàbá ṣí fódà, ó ṣófo. Ó ṣí òkè, ó ṣófo. Ó gbé háàdì, ó wo ìdí rẹ̀, bóyá ó ń jò.

"Bàbá àwọn ọmọ, ohùn ìyá mi dà?"

"Ó wà lókè."

"Òkè ibo?"

Ì bá sàn kí Màmá pariwo. Ó kàn wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, "ẹ káàárọ̀" àti "oúnjẹ ti délẹ̀" nìkan ló ń bá a sọ.

Bàbá gbé háàdì lọ bá alátùn-únṣe. Ọkùnrin náà rí i pé àwòrán pẹpẹ tí Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó síbẹ̀ ti gba àyè àwọn ohùn náà. Ó bi Bàbá bóyá ó ti da garawa òkè nù. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ẹ kú ìmọ́tótó, sà," ọkùnrin náà ní.

Inú ń bí mi sí Bàbá, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí. Mo bi í pé, "Dádì, ṣé Màmá àgbà ò fohùn ránṣẹ́ sí ẹ̀yin náà rí ni?"

"Èmi kì í gbọ́ ohùn tí wọ́n bá fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀, kó kọ ọ́."

Síbẹ̀ a wá inú fóònù rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo wà níbẹ̀, ó ti pẹ́, kò ṣí i rí. Inú Bàbá dùn, àfi bí ẹni tó yege ìdánwò. Ó sáré pe Màmá, ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́.

"Àna mi, ẹ kú ilé o," Màmá àgbà wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún ìyàwó yín kó pè mí. Tí mo bá ti sọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ṣe ló máa ń tẹ ọ̀rọ̀ fún mi. Òun ń gbọ́ ohùn mi lójoojúmọ́, èmi ò gbọ́ tiẹ̀. Ẹ má gbàgbé o."

Bàbá na ọwọ́ kó pa á, Màmá dá a dúró. Ó gbé fóònù náà súnmọ́ ẹnu, ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń fohùn ránṣẹ́.

"Màmá, ẹ kú ilé," ó ní. "Èmi ni."