Ọ̀rọ̀ Tí Màdáámù Kọ sí Orúkọ Fọlákẹ́

Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ṣe ògbufọ̀ ní Kétu, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo pàdé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, incapacious. Lọ́jọ́ náà, irọ́ ni mo fi tú u.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Faransé ni. Àwọn ẹgbẹ́ mi gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹbí ìyá mi ní Mẹ́kọ, lódìkejì ààlà, ni mo ti kàwé, Gẹ̀ẹ́sì ni tèmi. Nígbà tí nọ́ọ̀sì òyìnbó kan tí gbogbo ìlú ń pè ní Màdáámù ṣí ilé ìgbẹ̀bí, èmi ló gbà sí iṣẹ́ ògbufọ̀. Mo gbéra ga gan-an, mi ò ní tan yín. Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti kìlọ̀ fún mi pé, "Má fi tìẹ kún un, má sì yọ nínú rẹ̀."

Fọlákẹ́, opó ọlọ́mọ méjì, ń kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí lọ́dọ̀ Màdáámù. Ohun mẹ́ta tí wọ́n bá kọ́ ọ láàárọ̀, ọ̀kan ló máa ń rántí lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kan, Màdáámù kọ ọ̀rọ̀ yẹn sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, ó ní kí n sọ ọ́ fún un. Mi ò mọ̀ ọ́n, ojú sì ń tì mí láti béèrè.

"Ó ní ẹ ń gbìyànjú gan-an," ni mo wí.

Fọlákẹ́ kúnlẹ̀. "Mèsí, Màdáámù!"

Màdáámù yíjú sí mi. "Kí ló ń dúpẹ́ fún? Mo fẹ́ dá a padà sílé."

Mo sá lọ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. Ohun tí àyè inú rẹ̀ kéré, tí kò lè gba púpọ̀: wọ́n ń sọ ọ́ fún yàrá, fún ìkòkò, àti fún òye ènìyàn. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Kànga jìn púpọ̀ nílẹ̀ wa, nítorí náà gbogbo ilé ló ní àmù ńlá lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo bá Fọlákẹ́, ó ń wo omi tó ń já bọ́. Òórùn ilẹ̀ pupa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rin gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ó ṣì ń ṣe mí bí àlá títí dòní.

"Ẹ̀gbọ́n, irọ́ ni mo pa. Ó ní orí yín kò gba púpọ̀, bí ìkòkò tó kéré. Ó fẹ́ kí ẹ máa lọ sílé."

Kò sunkún. Ó fọwọ́ lé àmù náà.

"Ṣé o ti rí àmù yìí kó wọ yàrá lọ bá ẹni tó ń rọbí rí? Orù kékeré là ń gbé wọlé, a ó sì padà wá pọn òmíràn. Kí Màdáámù máa bu ẹ̀kọ́ fún mi díẹ̀díẹ̀. Sọ ọ́ bí mo ṣe wí i o, àbúrò."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Màdáámù, mo sì jẹ́wọ́ irọ́ mi. Ó ṣí ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa ìlà lé ọ̀rọ̀ náà lórí.

"Ó dáa, ohun kan lóòjọ́. Tí ìwọ bá tún purọ́, ìwọ lo máa lọ sílé."

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ìyàwó mi rọbí lójú òjò. Mo dúró lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ẹ̀rù ń bà mí, mo sì ń gbọ́ ohùn Fọlákẹ́ nínú yàrá: "Díẹ̀díẹ̀, ìyàwó wa. Díẹ̀díẹ̀." Ó na orù kékeré sí mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Àbúrò, bu omi wá."

Mo ṣì ń bù ú lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ mi ké.